Kí ni wọ́n ń pè ní ọmọ tó mọ ojú?

Ìbéèrè: Ìyá mi wá kí wa ní London láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, kò mọ ojú. Ṣé èébú ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe èébú. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ọmọ.

Ọmọ tó mọ ojú ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè bá sọ̀rọ̀ láì la ẹnu. Àlejò ń jẹ iyán, ó ní kí ọmọ wá bá òun jẹ. Ọmọ á ti yára wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ranjú mọ́ ọn, "Ẹ ṣé sà, mo ti yó" ni yóò dáhùn, ebi ìbáà máa pa á. Bí ìyá bá ṣẹ́jú sí i, tó wá wo ẹnu ọ̀nà, ó ti yé e pé àwọn àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Yóò rọra dìde. Èmi náà ti ṣe bí ẹni tí kò rí ojú ìyá mi rí, nítorí ẹran. Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlejò lọ tán.

A kì í retí èyí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 3. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, ní nǹkan bí ọdún 7 ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹlòmíràn wo nǹkan dáadáa. Ọmọ yín ti tó o.

Ibi tó le ni pé ọmọ tí a ní kó máa ka ojú yìí kan náà ni a ní kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà. Fìrí ni yóò wò, kó sì ti gbọ́ ọ tán. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, tíṣà lè ní kó wo òun lójú bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí màmá àgbà ní kó gbójú sílẹ̀. Ó lè mọ méjèèjì, bí ẹ bá ṣáà sọ fún un pé ilé yàtọ̀ sí ilé ìwé.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ojú ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ odindi rí, kí ni yóò fi kún àbọ̀? N kò fara mọ́ kí òbí máa ranjú lásán láì ṣàlàyé. Kí àlejò tó dé, ẹ sọ fún un. Bí wọ́n bá lọ tán, ẹ bi í pé: "Nígbà tí mo wò ọ́ yẹn, kí lo rò pé mo ń sọ?" Ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ á pa yín lẹ́rìn-ín.