Ẹ Bi Mí, Mo Máa Sọ: Kí Ló Dé Tí Mọ́tò Rééṣì Ò Ní Mọ́gáàdì?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe ní Kàbbà níbí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá a ń dúró de bọ́ọ̀lù nílé ìwòran, ni wọ́n bá gbé Formula 1 síbẹ̀, làwọn bọ̀ìsì bá ń pariwo pé kí wọ́n yí i kúrò, kí lèèyàn ń wò lára mọ́tò tó kàn ń yípo. Èmi ò lè gbójú kúrò lára tayà yẹn. Kí ló dé tí wọn ò fi mọ́gáàdì bò ó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wò ó láti kékeré, kí lẹ rí níbẹ̀ gan-an? — Àbúrò yín, Kàbbà.

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò mi. Wọ́n ti bo tayà yẹn rí o! Lọ́dún 1954 Mercedes gbé mọ́tò kan wá sí Reims nílẹ̀ Faransé, wọ́n bo gbogbo tayà ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ kọjá lára ẹ̀, Fangio ọmọ Argentina ló wà á, ó gba ipò kìíní, Kling tóun náà wa Mercedes ló ṣe ìkejì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n dé Silverstone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbá epo ni wọ́n tò sétí kọ́nà níbẹ̀, ni Fangio, àgbà ọ̀jẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àgbá, gbà! gbà! torí kò rí ibi tí tayà iwájú ẹ̀ wà mọ́. Ipò kẹrin ló bá délé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Nürburgring ní Jámánì wọ́n ti bá a ṣí tayà síta, ó sì gba ìyẹn. Lóde òní òfin gan-an ló ní kí tayà wà níta.

Ohun tí mò ń wò nìyẹn o. Tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì jù, wàá rí tayà tó dúró gbagidi tó ń rú èéfín tí mọ́tò ṣì ń lọ, wàá rí iwájú tó kọ̀ tí ò fẹ́ yí mọ́ kọ́nà, kò síbi tó fẹ́ fi àṣìṣe ẹ̀ pa mọ́ sí. Ìdí tí mo fi ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe ìkéde tán nìyẹn, torí rééṣì ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ laago méjì ọ̀sán tiwa (pásítọ̀ mi máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́ sà).

Ewu wà níbẹ̀ ṣá. Tí tayà iwájú bá gun tayà ẹ̀yìn ẹlòmíì, mọ́tò á fò sókè. Látọdún 2018 ni wọ́n ti ń fi irin kan tí wọ́n ń pè ní halo yí orí dírẹ́bà ká, dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Grosjean wà lára àwọn tí ò fẹ́ ẹ rárá, àfi ìgbà tí mọ́tò ẹ̀ já sí méjì ní Bahrain lọ́dún 2020, iná sọ gbùù, ó jáde, ọwọ́ ẹ̀ ló jóná. Òun fúnra ẹ̀ ló ní irin yẹn ló yọ òun.

Ìwọ fọkanáísà, èyí máa dùn mọ́ ẹ: nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló di tayà kọ̀ọ̀kan mú, ikọ̀ McLaren sì pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín sẹ́kọ́ńdì 1.80 ní Qatar lọ́dún 2023. Èèyàn bí ogún ló sáré yí i ká o, má jẹ́ kí kọ́sítọ́mà kankan fìyẹn yọ ẹ́ lẹ́nu.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ní bíi Lewis Hamilton lòun fẹ́ dà. Ṣé kí n jẹ́ kó máa fi ọ̀kadà àbúrò bàbá ẹ̀ kọ́ṣẹ́? — Ìyá ọlọ́mọ, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Rárá o, mà! Hamilton tó gba ife ẹ̀yẹ ayé lẹ́ẹ̀meje yẹn, ọmọ ọdún 8 ló ti ń fi kart, ìyẹn mọ́tò rééṣì kékeré, díje, iṣẹ́ bí méjì mẹ́ta ni bàbá ẹ̀ ń ṣe pọ̀ kó tó rówó ẹ̀ san, pápá irú ẹ̀ ò sì sí nítòsí wa ní Yàgbà. Àmọ́ àìmọye èèyàn ló wà lẹ́yìn dírẹ́bà kan tó ń ṣe ìṣirò, tó ń to ínjìnnì, tó bá mọ maths àti físíìsì dáadáa, ẹ jẹ́ kó dojú kọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó, kẹ́yin náà jókòó tì í. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà yẹn ní tiẹ̀, ẹ gbà á lálẹ́ yìí.