Ẹ Bi Wá Léèrè: Gígun Òkè Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Kékeré Lásìkò Ooru

Láti ìgbà tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí ó tó wọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà àwọn òbí ti ń wọlé wá sọ́dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ìrìn orí òkè. Mẹ́ta ni a yàn fún oṣù yìí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè wà nínú rẹ̀.

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 8, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù 9. Ọkọ mi ti pinnu pé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi ní ìparí oṣù Keje, gbogbo wa ni a ó jọ gun Yr Wyddfa, òkè tí ó ga jù lọ ní Wales, nítorí pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń fi àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ hàn án. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. N kò gun òkè rí àfi ìgbà tí a bá lọ gbàdúrà. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti ilé, ní àwọn kò gbọ́ ọ rí kí èèyàn gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí orí òkè nígbà tí kò ní ẹ̀jẹ́ tí ó fẹ́ san. Ṣé kí a lọ? Bí a bá máa lọ, òkè wo ni kí a gùn, kí sì ni kí a gbé dání? (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Manchester)*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ bá wa kí ìyá, nítorí pé ìdí wà tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ. Nílé wa, ẹni tí ó bá gun òkè ní ohun tí ó ń wá lọ síbẹ̀: àdúrà ni, tàbí oko, tàbí, láyé ogun, ibi ìsápamọ́sí. Kí èèyàn gun òkè, kí ó tún sọ̀kalẹ̀ wálé lọ́wọ́ òfo, kí ó sì pè é ní fàájì, kò tíì pẹ́ tí a kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé inú fúláàtì láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta kò ní fi oṣù méjì tí oòrùn fi ń ràn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé wọn lọ. Yr Wyddfa nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Mítà 1,085 ni òkè náà ga. Ọ̀nà Llanberis, tí àwọn èèyàn kà sí èyí tí ó rọrùn jù níbẹ̀, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 14 àti ààbọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ní 1892, William Naismith, ará Scotland kan, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn agunkè ṣì ń lò: wákàtí 1 fún kìlómítà 5 kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn sókè. Bí ẹ bá fi wọn ọ̀nà Llanberis, tí ìgòkè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1,000, ẹ ó rí wákàtí 4 àti ààbọ̀ fún àgbàlagbà tí kò dúró níbì kankan. Bí ọmọ ọdún 4 bá wà láàárín yín, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni kí ẹ kà, èyí tí í ṣe wákàtí 9, kí a tó wá sọ ti oúnjẹ, ìtọ̀ àti ẹkún. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ó ti ń gun òkè yẹn láti 1896. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni bàbá àwọn ọmọ ń wá, kí wọ́n wọ ìyẹn.

Ní tiyín, Mam Tor ni kí ẹ lọ. Peak District ni ó wà, ọgbà ìṣẹ̀dá tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní Britain ní 1951, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Manchester rárá. Mítà 517 ni góńgó rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó wà ní Mam Nick ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìrìn tí ó kù láti ibẹ̀ dé orí òkè kò fi tó kìlómítà 1, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì tò bí àtẹ̀gùn dé òkè. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń dúró ní Edale lójú ọ̀nà Manchester sí Sheffield, ṣùgbọ́n láti Edale, ìgòkè náà gùn, ó sì le. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọmọ kejì yóò fi gbó díẹ̀ sí i.

Èmi tí mo ń kọ èyí mú ọmọ mi ọkùnrin lọ síbẹ̀ nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 4. Àgbàlagbà kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé góńgó. Wákàtí kan gbáko ni àwa lò. A kò tíì rìn jìnnà tí ó fi rí ìgbín dúdú kan tí kò ní ìkarahun tí ó ń wọ́ kọjá lórí òkúta. Ó lóṣòó tì í, ó gbé ìgbáròkó lé gìgísẹ̀ bí ìyá àgbà tí ń ta ata, ó ní a kò gbọdọ̀ kọjá kí ìgbín tó kọjá. A dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kóòtù wa, àwọn òyìnbó arúgbó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìgbín wọ inú koríko tán, ọmọ dìde, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn tí ó tó 30 láìsinmi, èmi ni mo wá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi góńgó òkè ṣe ìlérí fún ọmọ mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé wa dé ni a ti ń jẹun. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ ti fẹnu kò sí aago tí ẹ máa yí padà. Bí ó bá lù, ẹ yí padà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń wo orí òkè ní ọ̀kánkán.

Ọmọ ọdún 8 kò ní fẹ́ dúró ti ìgbín. Tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ní ìhà abúlé Castleton. Òkè Mam Tor kì í dúró sójú kan: apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ ní Òkè Ìyá, pé ó ń bí àwọn òkìtì kéékèèké sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Títì ọkọ̀ kan gba orí ilẹ̀ tí ó ń yọ̀ yìí kọjá. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi sú wọn, ní 1979 wọ́n sì tì í pa. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti fà ya, apá kan ga ju èkejì lọ, bí èèyàn bá sì wo ojú ibi tí ó ti ya, yóò rí ọ̀dà lórí ọ̀dà, ìpele lórí ìpele, bí ìwé tí wọ́n tò jọ. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín ka iye ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà síbẹ̀.

Ó ku ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ yín yóò ní kí ẹ pọn ọ́n. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ìró àti ọ̀já kò ní àléébù kankan, kódà wọ́n fi ohun kan ju àpò onírin tí wọ́n ń tà fún ìrìn òkè lọ: ọmọ tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ń gba ooru ara ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn olókùúta, ìró a máa di ẹsẹ̀, bí ọ̀já bá sì tú níbi tí ọ̀nà ti há, kò sí ibi tí ẹ máa tẹ̀ ba sí láti tún un so. Nítorí náà, àpò onírin tí ó ní bẹ́líìtì àti ìbòrí ni mo fara mọ́ fún Mam Tor, ọmọ oṣù 9 tí ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀ sì ti tó gbé sínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí ni pé ẹni tí ó gbé ọmọ ń làágùn, ọmọ tí ó jókòó kò sì mira, nítorí náà òtútù lè ti máa mú un nígbà tí ooru ń mú yín. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn ìsàlẹ̀ tàn yín. Bí èèyàn ṣe ń gun òkè, ooru ń dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 àti ààbọ̀ lórí mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ orí òkè yóò sì mú kí òtútù náà pọ̀ sí i. Kóòtù òjò kọ̀ọ̀kan, súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ní oṣù Kẹjọ. Kí ẹnikẹ́ni má wọ jíǹsì, nítorí pé bí ó bá tutù, kì í tètè gbẹ, ó sì ń wúwo lẹ́sẹ̀ ọmọ. Awọ dúdú náà a máa jóná nínú oòrùn, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ fún yín. Ẹ ra ìpara ìdènà oòrùn tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n agbára rẹ̀) kò dín ní 30, kí ẹ sì wá òjìji láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Ní ti oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìpápánu ilé ìtajà nìkan jẹ́ ìrètí yín. Jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná nínú fíláàsì ti mú ọmọ mi gun àtẹ̀gùn tí ẹ̀bẹ̀ àti ìhalẹ̀ kò mú un gùn.

Ẹ fi fèrè kọ́ ọmọ ọdún 8 lọ́rùn, kí ẹ sì kọ́ ọ pé nígbà tí wọ́n bá sọnù, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kí ó fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tún fọn ọ́n. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni kí ẹ pè. Ẹ béèrè fún ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà fún Mountain Rescue, àwọn tí ń dóòlà èèyàn lórí òkè. Bí ẹ bá sì rí màlúù tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yà fún un, ẹ má gba àárín wọn.

*Olóòtú, mo kí yín. Lẹ́yìn tí a rìn nínú igbó lọ́jọ́ Sátidé, mo bá eégbọn kan lẹ́yìn orúnkún Táyé. Aládùúgbò mi ní kí n da kẹrosíìnì sí i, ẹlòmíràn ní kí n fi ìṣáná jó o. Mo fi ọwọ́ já a. Ṣé mo ṣe é re? (Bàbá Ìbejì, Leeds)*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu. Pé ẹ yọ ọ́ kíá dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kọ́. A kì í ní kí akátá já eégbọn lẹ́nu ajá, bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì àti iná kò ní iṣẹ́ kankan lára ọmọ: wọ́n lè mú kí eégbọn náà bì sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ni kí ẹ fi dì í mú níbi tí ó ti fara kan awọ gan-an, kí ẹ fà á sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ohun tí a ń ṣọ́ ni àrùn Lyme. Gbogbo eégbọn kọ́ ni ó ń gbé e kiri. Àmì rẹ̀ ni awọ tí ó yí pa dà ní òbírí yí ojú ibi tí ó ti jẹ, ó sì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 4, bí ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù 3. Àwòrán tí ẹ máa rí káàkiri jẹ́ ti awọ òyìnbó, tí ó pọ́n yòò. Lára Táyé kì í hàn bẹ́ẹ̀, ó lè kàn dúdú tàbí kí ó jọ ọgbẹ́ tí ó ń san. Nítorí náà, abẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa ni kí ẹ ti máa wò ó. Bí ibà, orí fífọ́ tàbí àárẹ̀ bá sì dé, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ ẹ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ó jẹ ẹ́. Ẹ ti wo ara Kẹ́hìndé náà, àbí?

*Oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ mú ọmọ ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 7, wá sílé láti London. Ẹni ọdún 66 ni mí. Ṣé a lè gun Òkè Ìdànrè? (Màmá Àgbà, Peckham)*

Ẹ lè gùn ún, mà, tí dókítà yín bá ti ní kò séwu. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó ní gbogbo rẹ̀. Ìgbà òjò ni oṣù Kẹjọ nílé, bí òjò tilẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lásìkò yẹn. Bí àpáta bá tutù, ó ń yọ̀ bí ilá, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dán, kí ẹ sì mú ẹni tí ó mọ ọ̀nà dání. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London kò mọ ẹ̀fọn ilé wa. Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń dènà ibà kí ẹ tó wọ bàálù.

Lókè, ẹ fi ààfin Ọwá àtijọ́ hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìlú gidi ni ibẹ̀ títí wọ ọ̀rúndún 20: ọjà, ilé ẹjọ́ àti ọmọ tí ń sáré kiri, kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀. Ní ti iye àtẹ̀gùn náà, ẹnu àwọn èèyàn kò kò lórí rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ ọdún 7 máa kà á bí ẹ ṣe ń gòkè, kí ẹ sì kọ iye tí ó bá kà ránṣẹ́ sí wa.