Kí ni absorbance ń kà, kí sì ni transmittance ń kà?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, absorbance 0.45 ni ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbé jáde fún omi permanganate mi, percent transmittance ni wọ́n sì ní ká kọ. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú 100 ni?"

Rárá o. Orúkọ ọ̀hún ló ń tan èèyàn. Tí a bá ti gbọ́ "absorb", ohun tó ń sọ sí wa lọ́kàn ni aṣọ tó fa omi mu, a ó wá rò pé èyí tó fà mu àti èyí tó kọjá ni yóò pé 100. Absorbance kì í ṣe ìdá rárá. Transmittance ni ìdá: ìmọ́lẹ̀ 100 wọlé, 40 jáde lódì kejì, 40% nìyẹn. Ohun tí absorbance ń kà ni iye ìgbà tí omi náà fi 10 pín ìmọ́lẹ̀. Ó pín in lẹ́ẹ̀kan, ó ku 10%, absorbance jẹ́ 1. Ó pín in lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 1%, ó di 2. Log náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A = 2 − log(%T)
%T = 10^(2 − A)

A ni absorbance, %T ni percent transmittance. 2 tó wà níbẹ̀ yẹn, log 100 ni. Ní tìrẹ, 2 − 0.45 jẹ́ 1.55, tẹ 10ˣ lórí ẹ̀rọ ìṣirò, wàá rí 35.5%. Ká ní o yọ ọ́ kúrò nínú 100 ni, 99.55% lò bá kọ, bí ẹni pé omi lásán ló wà nínú cuvette (ìgò kékeré tí à ń kì bọnú ẹ̀rọ), nígbà tí ojú rẹ rí i pé ó pọ́n bí àlùkò.

Kí ló dé tí wọn ò fi mọ sórí %T? Mú gíláàsì aláwọ̀ tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, kí o tò ó ní mẹ́ta: 50, 25, 12.5. Absorbance wọn ń lọ ní 0.301, 0.602, 0.903. Ó ń ròpọ̀ ni! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lambert, ti kọ̀wé lórí bí omi tàbí gíláàsì ṣe nípọn tó ní 1760. Ní 1852, onímọ̀ mìíràn, Beer, ní Jámánì fi ti bí àwọ̀ inú omi ṣe ki tó kún un. Ìdí nìyẹn tí ìlà tí a ń yà nínú láàbù, absorbance sí bí àwọ̀ inú omi ṣe ki tó, fi máa ń gún régé.

Tó bá jẹ́ Spectronic 20, ẹ̀rọ àtijọ́ alábẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, lẹ ṣì ń lò, wo ojú rẹ̀ dáadáa: nọ́ńbà %T jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba, ti absorbance há mọ́ra lápá òsì títí dé àmì ∞. %T ni kí o kà níbẹ̀, kí o tó wá yí i padà.