Ẹ má wo owó oṣù nìkan kí ẹ tó wọ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: wọ́n ti gba ẹnì kan wọlé láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì, iye tí wọn yóò máa san fún un sì wà nínú lẹ́tà, ṣé owó náà tó gbé ayé? Ìdáhùn mi ni pé ó sábà máa ń tó jẹun. Owó oṣù tó ń wọlé kọ́ ló ń ṣe èèyàn léṣe nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn àlàfo ni: àlàfo láàárín àdéhùn iṣẹ́ kan àti èkejì, àlàfo láàárín ìgbà tí ẹ fi owó ara yín ṣe nǹkan fún láàbù àti ìgbà tí wọ́n dá a padà, àti àwọn ọdún gbọọrọ tí ẹ kò fi nǹkan kan pamọ́ de ọjọ́ ogbó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún. Oyè àkọ́kọ́ gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oyè ọ̀mọ̀wé ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gbà tó márùn-ún sí mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí iṣẹ́ ìwádìí bá kọ̀ tí kò yọrí. Lẹ́yìn ìyẹn ni postdoc, iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ fún ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, tí àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún kan tàbí méjì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 18, tí kò sinmi rárá, lè ti kọjá 30 kó tó rí iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí, ìyẹn bó bá rí i.

Ẹ wá gbé ojúgbà rẹ̀ tó wọṣẹ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ká ní ó ń fi 200 dọ́là pamọ́ lóṣù fún ọdún 10, tí owó náà ń mú èlé 6% wọlé lọ́dún, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù: yóò ní bíi 32,800. Kó má fi ẹyọ kan kún un mọ́, kó kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 25 sí i, ó ti lé ní 146,000. 24,000 péré ló ti àpò rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́mọ 40, tí owó yín wá ju tirẹ̀ lọ, ẹ ó rí i pé kò rọrùn láti lé e bá, nítorí ọdún ló sọ owó yẹn di ńlá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé 50 dọ́là lóṣù láti ọdún kìn-ín-ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lórí ìṣirò kan náà, ó ń di bíi 36,500.

Lẹ́tà ìgbàwọlé ni kí ẹ wá fi ojú agbẹjọ́rò kà. Oṣù mélòó ni wọ́n ń san? Ẹ̀ka kan lè san oṣù 9, kó sì fi mẹ́ta tó kù lé yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ pín àpapọ̀ ọdún sí 12 kí ẹ tó fi í wé ti ibòmíràn. Kí ni wọ́n ń yọ kúrò? Owó ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ìlà kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn owó mìíràn tí ẹ ó máa san ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Adójútòfò ìlera lè bo ẹ̀yin nìkan, kó má kan ẹnìkejì yín tàbí ọmọ. Ọdún mélòó ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀? "Bí owó bá wà" àti "fún ọdún márùn-ún" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ béèrè, lórí ìwé, ẹni tí yóò máa san án bí gírántì ọ̀gá láàbù, ìyẹn owó tí wọ́n fún un láti fi ṣèwádìí, bá parí ní ọdún kẹta.

Èyí tó ń ká ọ̀pọ̀ mọ́ ni bóyá owó náà jẹ́ owó iṣẹ́ tàbí owó àjẹmọ́nú, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún yín láìkà yín sí òṣìṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà yọ owó orí kúrò nínú àjẹmọ́nú kó tó dé ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ìjọba ní owó orí lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń retí kí ẹ fúnra yín san án: oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ná gbogbo rẹ̀ tán, ìwé gbèsè á wá kàn án lára pẹ̀lú owó ìtanràn. Ẹ ṣí akáúntì ọ̀tọ̀, ẹ máa ju ìdá tí owó orí yín bá jẹ́ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí àjẹmọ́nú bá wọlé, kó tó di pé ẹ san owó ilé. Títí di òpin 2019, irú owó bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe é fi sínú akáúntì ìfẹ̀yìntì IRA, nítorí òfin kò kà á sí owó iṣẹ́. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí nínú oṣù Kejìlá ọdún náà ló ṣí ọ̀nà láti 2020.

Fún ẹni tó fẹ́ ìwọ̀n tí yóò fi díwọ̀n: ní 2024, iye tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kọ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí NRSA, ètò owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ìwádìí, jẹ́ 28,224 dọ́là lọ́dún, ti postdoc tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ 61,008. UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi iye tó kéré jù fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé sí 20,780 pọ́n-ùn fún 2025/26. Ní Jámánì, àdéhùn akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ 50% tàbí 65% owó ìpele E13 (ìpele owó oṣù tí wọ́n ń san fún olùwádìí), kí wọ́n sì máa retí iṣẹ́ odindi ọjọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìdá tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì yín pẹ̀lú, ohun tí èèyàn kì í rántí nìyẹn.

Owó àpérò, ìyẹn ìpàdé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀, wá ńkọ́? Níbí ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni ẹ ó san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, ẹ ó sì gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ìwé owó ìrìnàjò àfi tí ẹ bá ti lọ tí ẹ sì ti dé. Ọ̀gá láàbù á buwọ́ lù ú, akọ̀wé ẹ̀ka á gbé e wọ kọ̀ǹpútà, ọ́fíìsì owó á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún bọ́ sẹ́yìn ìlà. 1,500 dọ́là lórí káàdì ìyáwó tó ń gba èlé 2% lóṣù yóò ti di 1,623 lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. 1,500 ni wọ́n máa dá padà.

Ohun tó ń mú kí wọ́n dá ìwé padà kò pọ̀, ó sì ṣe é dènà. Ìwé hòtẹ́ẹ̀lì fi hàn pé ẹ gba yàrá, kò fi hàn pé ẹ ti sanwó. Ìgbà tí ẹ bá ń jáde ni kí ẹ gba èyí tó kọ ọ́ pé kò ku gbèsè kankan. Ẹni méjì sùn nínú yàrá kan, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rìsíìtì. Ẹ ní kí wọ́n pín in sí méjì níbẹ̀, torí pé wọn kì í dá yín lóhùn bọ̀rọ̀ mọ́ tí ẹ bá ti padà sílé. Ọtí wà lórí rìsíìtì oúnjẹ. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni, kò sì sí ìwé báǹkì tó fi iye tí wọ́n yọ hàn. Èyí tó burú jù ni rìsíìtì bébà dídán tí ẹ̀rọ káàdì ń tẹ̀ jáde: ooru ló fi ń kọ̀wé, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló sì ń pa á rẹ́. Ẹ fi í sínú àpamọ́wọ́ fún oṣù méjì, ẹ ó bá a ní funfun báláú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó dìde lórí àga.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ má ná owó yín rárá. Kí ẹ tó fi àkótán iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí àpérò, ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka lè fi káàdì tiwọn san owó ìforúkọsílẹ̀, bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ní aṣojú tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àti bóyá wọ́n ń fúnni lówó ìrìnàjò ṣáájú. Tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ yín tán kí ẹ tó béèrè, agbára yín ti dínkù, torí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ẹ ó lọ.

Ti kíkó lọ sí ilẹ̀ mìíràn: owó oṣù àkọ́kọ́ lè má wọlé àfi ní ìparí oṣù tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di oṣù kejì bí akáúntì báǹkì bá pẹ́ kó tó ṣí. Kó tó dé, onílé ti gba owó oṣù kan àti owó ìdúró (ìdógò) tó lè tó ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta, físà ti jẹ tirẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta owó ìnáwó lọ́wọ́ ni mo kà sí èyí tó kéré jù. Àwọn òfin mìíràn tiẹ̀ ń lé yín kiri ni. Ètò postdoc Marie Skłodowska-Curie ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹni tó ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀. Físà J-1 ti Amẹ́ríkà, tó wà fún àwọn tó wá lórí ètò pàṣípààrọ̀, ń de àwọn kan mọ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè gba àwọn irú físà mìíràn kan. Ní Jámánì, òfin kan láti 2007 fi ọdún mẹ́fà ṣáájú oyè ọ̀mọ̀wé àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe òpin àdéhùn onígbà díẹ̀ yìí nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ti ìmọ̀ ìṣègùn sì jẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn oyè.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ń já síbi tí ẹ bá kọjá. Ní Jámánì ẹ gbọ́dọ̀ pé oṣù 60 kí ó tó di ẹ̀tọ́. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù wọ́n lè ka ọdún tibí mọ́ tọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá. Fáìlì kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yín níbẹ̀ àti ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn. Ímeèlì tiyín ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa tì lẹ́yìn tí ẹ bá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ẹni le ju ti owó lọ, n kò ní purọ́. Bí ẹ bá jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ìlú tó ní iṣẹ́ fún ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ṣọ̀wọ́n. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé ẹnì kan á ti gba iṣẹ́ tán kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó kọ̀wé ni kí ẹ jọ kọ orúkọ àwọn ìlú tí ẹ̀yin méjèèjì lè gbé sílẹ̀, kí ẹ sì sọ iye oṣù tí ẹ lè fi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó máa parí. Ní ti ọmọ, ẹ má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Kì í rọlẹ̀. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni bóyá wọ́n ń fi oṣù ìsinmi ọmọ kún àdéhùn lẹ́yìn, àbí àdéhùn náà ń jó lọ nígbà tí ẹ wà nílé. Ẹni tó ń gba àjẹmọ́nú lè má ní ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ ní. Òfin Jámánì tí mo mẹ́nu bà gba kí wọ́n fi ọdún méjì kún òpin yẹn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e pé kí ilé-ẹ̀kọ́ fún yín ní àdéhùn tuntun.

Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ tí láàbù ń jẹ, apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àìtò ọjọ́ dáadáa. Ẹ fi oògùn sí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń tọ́ nínú abọ́, ẹ fẹ́ wò ó ní wákàtí 8, 24 àti 48. Bí gbogbo abọ́ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Sátidé ti bá a lọ. Ẹ ka ìṣirò náà padà sẹ́yìn: ẹ fi oògùn sí abọ́ wákàtí 48 ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, sí ti 24 ní aago márùn-ún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sí ti 8 ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà. Àléébù kan wà: sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ sí i nínú abọ́ tí ẹ fi oògùn sí kẹ́yìn, nítorí náà ẹ fi abọ́ tí kò gba oògùn ti ìgbà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ eku kò lè fi èyí yọ ara rẹ̀. Eku kò mọ Sátidé. Kí onítọ̀hún bá ẹlòmíràn pín òpin ọ̀sẹ̀, kí ó sì wà lórí kàlẹ́ńdà tí ọ̀gá ń rí.

Èyí tó kù ni àlàfo àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ, láàárín àdéhùn méjì. Ọjọ́ tí àdéhùn yín máa parí ni kí ẹ ti kà padà sẹ́yìn. Ètò Marie Skłodowska-Curie tí mo sọ sábà máa ń tilẹ̀kùn nínú oṣù Kẹsàn-án, èsì rẹ̀ á jáde nínú oṣù Kejì tó tẹ̀ lé e, láàbù tó máa gbà yín sì ti gbọ́dọ̀ jọ kọ ìwé náà pẹ̀lú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí àárín rẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú ìparí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá láàbù, nínú ímeèlì, bóyá owó wà láti fi oṣù mẹ́ta kún àdéhùn yín bí èsì bá pẹ́. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ máa parí nínú oṣù Kẹfà, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá láàbù nínú oṣù Kẹta ọdún náà, ti pẹ́ fún ètò yẹn: bíi oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí ló tó lè gbọ́ èsì tirẹ̀ láti ibẹ̀.