Ẹ Bi Wá: Báwo ni nẹ́ẹ̀fù ṣe ń mọ ibi tó ti máa bá iṣan pàdé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò gé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọrùn ọwọ́, wọ́n sì ti rán nẹ́ẹ̀fù tó gé. Dókítà ní á hù padà. Báwo ni yóò ṣe mọ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lára iṣan? (Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Iléṣà)

Ìdáhùn: Nẹ́ẹ̀fù ni okùn tó ń gbé ìránṣẹ́ ọpọlọ lọ sára iṣan, ìyẹn ẹran ara tó ń mú ara ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá rán dáadáa ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Nítorí náà, oṣù ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ojú ibi tí nẹ́ẹ̀fù ti ń pàdé fọ́nrán iṣan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ara fọ́nrán náà lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni nẹ́ẹ̀fù máa ń padà sí. Acetylcholine ni èròjà tó fi ń ránṣẹ́ sí iṣan. Purotéènì tó ń gbà á lára iṣan dà bí ilẹ̀kùn: bí acetylcholine bá ti kàn án, á ṣí, sódíọ̀mù á wọlé, iṣan á sì sún kì.

Lọ́dún 1978, Joshua Sanes, Lawrence Marshall àti U. J. McMahan fi iṣan ọ̀pọ̀lọ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gé nẹ́ẹ̀fù, wọ́n ba fọ́nrán iṣan jẹ́, wọ́n sì fi ìtànṣán X-ray dá a dúró kó má baà hù mọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bo fọ́nrán kọ̀ọ̀kan nìkan ló kù. Nígbà tí nẹ́ẹ̀fù dé, ojú ibi àtijọ́ ló gúnlẹ̀ sí lára awọ òfìfo yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, McMahan àti àwọn mìíràn yí i padà: wọ́n jẹ́ kí iṣan hù, wọn ò jẹ́ kí nẹ́ẹ̀fù dé ibẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn tún kóra jọ sí ojú ibi àtijọ́. Ara awọ yẹn ni ohun tó ń darí àwọn méjèèjì wà.

Àwọn McMahan wá yọ purotéènì kan tó ń jẹ́ agrin lára Torpedo, ẹja òkun tó ń gbọ̀n èèyàn jìgìjìgì bí òjìjí odò wa. Etí nẹ́ẹ̀fù ló ń tu agrin sára awọ. Àwọn purotéènì mẹ́rin kan tó jẹ́ ti iṣan ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀: agrin á so mọ́ LRP4, LRP4 á jí MuSK, Dok-7 á ti MuSK lẹ́yìn láti inú, rapsyn á sì kó àwọn ilẹ̀kùn jọ sójú kan. Iṣan náà ń ṣe agrin tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ègé kékeré kan tó wà lára ti nẹ́ẹ̀fù, kò sì lè jí MuSK bó ṣe yẹ. Acetylcholine fúnra rẹ̀ sì ń tú àwọn ilẹ̀kùn tí agrin kò bá dì mú ká. Nídìí èyí, lábẹ́ nẹ́ẹ̀fù, ilẹ̀kùn tó wà nínú máíkírómítà kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) níbùú lóròó tó nǹkan bí 10,000. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ò ní rí ju ìwọ̀nba mélòó kan lọ. Lọ́dún 1996, wọ́n rí i pé eku tí a bí láìní agrin tàbí MuSK kì í lè mí, kíá ló ń kú.

Awọ náà lè dúró de nẹ́ẹ̀fù, àmọ́ iṣan kì í dúró títí. Tó bá lo bí oṣù méjìlá sí méjìdínlógún láìsí nẹ́ẹ̀fù, ọ̀rá àti àpá á ti máa gba ipò rẹ̀. Bí dókítà bá ti gbà, ẹ máa bá a na àwọn ìka náà lójoojúmọ́ kí oríkèé má baà gan. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ọwọ́ yẹn di ìkòkò gbígbóná mú, torí kò ní mọ̀ pé ó ń jó òun.

Ìbéèrè: Ìpéǹpéjú màmá wa máa ń já wálẹ̀ lálẹ́, àárọ̀ á sì dáa. Wọ́n ní myasthenia gravis ni. Ṣé àìsàn ojú ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Rárá o, àìsàn ojú kọ́. Àwọn èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn ló ṣìnà, tí wọ́n ń ba ilẹ̀kùn acetylcholine jẹ́. Nínú àwọn tí àìlera náà kárí ara wọn, nǹkan bí 85 nínú 100 ló rí báyìí. Nínú àwọn mìíràn, MuSK ni wọ́n ń kọlù. Bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ léraléra ni acetylcholine tó ń bọ̀ ń dín kù. Ara tó le kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó nílò lọ.

Dókítà lè fi yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé lé ojú tó wà ní pípadé fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ìpéǹpéjú bá gòkè ní mìlímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jọ pé àìsàn náà ni. Òtútù ń dẹwọ́ énsáìmù tó ń fọ́ acetylcholine. Iṣẹ́ kan náà ni oògùn pyridostigmine ń ṣe: oníhóró 60mg máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan, á sì lò tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí oúnjẹ bá ń ṣòro láti gbé mì, kí wọ́n lò ó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ. Ẹ má dá fi kún un: àlòjù rẹ̀ ń fa itọ́ dídà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì tún ń sọ iṣan di aláìlera.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ibà. Oògùn ibà bíi quinine àti chloroquine lè mú kí àìsàn yìí le gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn apakòkòrò bíi gentamicin, ciprofloxacin àti azithromycin, àti abẹ́rẹ́ magnesium. Ẹ kọ wọ́n sórí páálí kí màmá máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn àti kẹ́míìsì. Bí mímí bá ti ń nira, tàbí tí omi ń pá wọn lórí léraléra, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé nẹ́ẹ̀fù tó wà lára iṣan ọmọ ìkókó pọ̀ ju ti àgbà lọ? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù púpọ̀ ló kọ́kọ́ ń du ojú kan lára fọ́nrán iṣan kọ̀ọ̀kan. Lára eku, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbí, ẹyọ kan péré ló máa ń kù. Ẹ̀ka tó ń ránṣẹ́ jù ló sábà máa ń borí, àwọn yòókù á sì fà sẹ́yìn.