Kí ni "fà kalẹ̀"? Ṣé bí ti oyè náà ni ti ìbò?

Àbúrò kan bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìdílé ló ń fa ọmọ oyè kalẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń fa olùdíje kalẹ̀. Ṣé àṣà wa náà ni òfin tí kò jẹ́ kéèyàn dá dúró dupò?"

Rárá o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹrù tó wà nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ní Ọ̀yọ́ níbí, ìdílé méjì ló ń jọba, Agúnlóyè àti Alówólódù, ọmọ oyè kì í sì í fúnra rẹ̀ gbé ara rẹ̀ lọ síwájú Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn afọbajẹ. Mo ti fojú mi rí i, nígbà tí a fẹ́ fi èèyàn joyè kékeré kan lágboolé wa. Bàbá tó dàgbà jù mú ọkùnrin náà lọ́rùn ọwọ́, ó fà á dé àárín ilé, ó ní kó jókòó lórí ẹní. Ó ní: "Ọmọ wa rèé. Bó bá ṣe ibi, àwa ni kí ẹ bi." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gan-an ni fífà kalẹ̀. Onídùúró lẹni tó fà á.

Òfin ìbò wá ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ẹni tó bá fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ náà ni yóò sì fà á kalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́. Àwọn tó dá dúró ń díje nígbà náà. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Rotimi Amaechi pé ẹgbẹ́ ni aráàlú dìbò fún, ó sì sọ Amaechi, ẹni tí kò sí nínú ìdíje ọjọ́ ìbò, di gómìnà Rivers. Ó dáa, bí ìbò bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ wo ló ti wí fún wa rí pé "àwa ni kí ẹ bi"? Èyí ló ń dùn mí jù.

Àwọn mìíràn ti gbé ọ̀rọ̀ pé kéèyàn lè dá dúró díje dé kóòtù. Christopher Mtikila, òṣèlú kan ní Tanzania, jàre ní 1994, ìjọba yí ìwé òfin padà láti fi dí i lọ́nà, kò dákẹ́. Ní June 2013, ilé ẹjọ́ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní Arusha, dá a láre. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ẹjọ́ ìwé òfin ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní June 2020, àwọn tó dá dúró sì díje ní 2024. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí olùdíje bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó ìbuwọ́lùwé ẹgbẹ̀rún kan alátìlẹ́yìn wá kọ́kọ́.

Àbúrò, ẹgbẹ̀rún èèyàn tó fi orúkọ ara wọn dúró fún ẹnì kan, ìyẹn ló jọ ti bàbá wa lórí ẹní.