Ǹjẹ́ mo lè lo 7-Zip ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Ìkòròdú láìsanwó, kí ló dé tí Windows ń kìlọ̀ nípa rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè lò ó. Igor Pavlov ló ṣe ètò yìí, tó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, tó sì ń tú u padà; ó gbé e jáde ní 1999, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó nílé tàbí níbi iṣẹ́ ajé, láìsanwó, láìforúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ká bu ọlá fún ni.

Ní ti ìkìlọ̀ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é, kò túmọ̀ sí pé fáìrọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé fáìlì náà kò ní òǹtẹ̀ ìdánimọ̀, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fi owó gbà, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kì í gbà.

Ibi tí ẹ ti gbà á ló ṣe pàtàkì jù. 7-zip.org ni ojúlé rẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà á láti inú fláàṣì oníbàárà tó wá tẹ̀wé ní Sábó. 7-Zip kì í sọ ara rẹ̀ di tuntun, nítorí náà ẹ máa padà sí ojúlé náà láti gba ẹ̀yà tuntun.